Ọmọ Tí Wọ́n Jí Gbé
Kà: Róòmù 12:17–21

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé kó ọmọ ilé-ìwé ní Emùré-Èkìtì. Wọ́n padà wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà dé Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀. Kí ni kí Kristẹni ṣe sí irú ibi báyìí?

Rántí Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn, wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi. Sàró ni ó ti mọ Jésù.

Kò wá ẹ̀san. Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìhìn rere, ó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́: ní 1851, ó ro ẹjọ́ òwò ẹrú níwájú Ọbabìnrin Victoria.

Ìwọ náà, má gbẹ̀san, má sì dákẹ́. Gbàdúrà, sọ òtítọ́ fún àwọn aláṣẹ, tu ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nínú.

Àdúrà: Olúwa, fún mi lágbára láti ṣe rere níbi tí wọ́n ti ṣe mí níbi, ní orúkọ Jésù. Àmín.