Muda Lawal: Mẹkáníìkì Tó Lọ sí Ife Ilẹ̀ Áfíríkà Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Bí Ife Ilẹ̀ Áfíríkà bá ti ń bọ̀ báyìí, àlàáfíà tán ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Tibí á ní Okocha ni baba wọn, tọ̀hún á ní irọ́ ni, Kanu ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Muda Lawal rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú ìtàn rẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ wa lóṣù yìí.

Mudashiru Babatunde Lawal ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà, ọdún 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbà á lọ́wọ́ spánà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti yọ. Ní 1976, Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Àárín ni Muda ń gbá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyìn kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbá àárín. Òun ló máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, òun ló máa sáré gbé e síwájú, ẹlòmíì á wá gbá a wọlé, orúkọ ẹlòmíì náà la ó máa pariwo.

Ọdún 1976 yẹn náà ló kọ́kọ́ bá Green Eagles lọ sí Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, ní Ẹtiópíà. (Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà náà nìyẹn, Super Eagles kò tíì dé.) Ipò kẹta la ṣe. Ní 1978 ní Gánà, Ùgáńdà lé wa dànù ní 2-1 nígbà tó ku díẹ̀ ká dé àṣekágbá. Nígbà tá a wá ń bá Tùníṣíà du ipò kẹta, ayò wà ní 1-1 nígbà tí inú bí àwọn ará Tùníṣíà sí adájọ́, wọ́n bá kó ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí pápá! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa ní ipò kẹta. Ta ló máa fi irú ìyẹn yangàn?

1980 ni wọ́n gbé ìdíje náà wá sílé. Otto Glória, ará Bràsíl, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu ni balógun. Ẹ wo àwọn ọmọ Shooting Stars tó wà níbẹ̀: Best Ogedegbe ń ṣọ́ ilé, Felix Owolabi ló gbá góòlù kan ṣoṣo tá a fi lé Mòrókò, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níwájú, Muda wà láàárín. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta, a pàdé Àlùjíríà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, l'Ékòó. Ìṣẹ́jú kejì, Ọdẹ́gbàmí ti gbá a wọlé. Kí ìsinmi tó dé, ó tún fi ọ̀kan sí i. Gbàrà tí wọ́n ti ìsinmi dé, Muda fúnra rẹ̀ gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé. 3-0! Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gba ife náà nìyẹn. Ààrẹ Ṣẹ̀hù Ṣàgàrí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nílé, ó tún fún wọn ní mọ́tò. Ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe fáwọn èèyàn wá di ẹni tí ìjọba fún ní mọ́tò.

Ní 1982, ní Líbíà, a ò jáde ní ìpele àkọ́kọ́ rárá. Àmọ́ 1984 ló dùn mí jù. A bá Kamẹrúùnù dé àṣekágbá ní Abidjan, Muda ló sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n tún fi méjì lé e nígbà tí eré ń parí lọ. 3-1. Ìkarùn-ún rẹ̀ nìyẹn, léraléra, kò sì lọ mọ́.

Ọjọ́ 6 oṣù keje, ọdún 1991, ni ó kú. Kò tíì pé oṣù kan tó pé ọmọ ọdún 37. Nígbà tí Nàìjíríà tún máa gba ife náà, ní Tùníṣíà lọ́dún 1994, ó ti lé ní ọdún méjì tó ti wà nínú ilẹ̀.