Ìtàn Ayé Thomas Dorgan, Ayàwòrán Ọlọ́wọ́ Òsì

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọkùnrin kan ti wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ó fi júwe ilé baba rẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Thomas Aloysius Dorgan ni orúkọ rẹ̀, ìlú San Francisco ni a sì bí i sí ní ọdún 1877.

Nígbà tí ó wà lọ́mọdé ni ìjàǹbá gé nínú àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ká ọwọ́ lérí, kí ó máa sunkún. Dorgan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ àwòrán yíyà títí ọwọ́ náà fi mọ̀ ọ́n. Àwọn oníwèé ìròyìn ìlú rẹ̀ gbà á síṣẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ sí ìwé ìròyìn Journal ti William Randolph Hearst ní New York. TAD, lẹ́tà mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ni ó ń kọ sí ara àwòrán rẹ̀.

Ní àkókò náà kò sí rédíò tí yóò ròyìn ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ẹni tí ó jókòó sílé. Akọ̀wé a máa sọ bí ìjà ti lọ, ayàwòrán a sì máa fi ojú ẹni tí a lù hàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n Dorgan mọ iṣẹ́ méjèèjì: bí ó ti ń kọ ni ó ń yà. Ó wà ní Reno ní ọjọ́ 4 oṣù July, 1910, nígbà tí Jack Johnson, aláwọ̀ dúdú, ṣẹ́gun James Jeffries ní abala 15. Ó tún máa ń ya àwọn ajá tí ó wọṣọ bí ènìyàn, tí a fi ń rí ìwà ara wa rẹ́rìn-ín.

Nígbẹ̀yìn, àrùn ọkàn sé e mọ́lé ní Great Neck, kò sì lè lọ sí ibi ìjà mọ́. Síbẹ̀ kò gbé kálàmù sílẹ̀. Láti ilé ni ó ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù May, 1929.

Ẹ̀yin tí ọjà ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ rí, ẹ má ṣe ka ohun tí ó ti lọ. Èyí tí ó kù ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́.