Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Òǹkàwé Karl Marx

Ìfáàrà
Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kan ṣoṣo kò sí tí a fi ń ka ìwé tó bá ń sọ bí ó ṣe yẹ kí a pín ọrọ̀ ìlú. Nígbà tí Karl Marx àti Friedrich Engels gbé Manifesto wọn jáde ní 1848, tí Marx sì tẹ apá kìíní Das Kapital ní 1867, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ló wà lọ́kàn wọn. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ìjà wà láàrin bọ̀rọ̀kìnní tó ni irinṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù tó ń ta agbára rẹ̀ fún owó ọ̀yà, àti pé mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀ ni yóò dojú ètò náà dé. Àwọn ìwé yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ àwọn tó kà wọ́n kò gbà wọ́n bákan náà. Ìgbésí ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ipa rẹ̀ sì dé inú kíláàsì ní Òkè-Ògùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé Rẹ̀
A bí Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1909. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀ àti agégẹdú, kú ní 1920, ìṣẹ́ sì bá ọmọ náà fínra. Ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley, Ìbàdàn, ní 1927. Ó ṣe tísà, akọ̀wé àti akọ̀ròyìn. Ó ra kòkó, ó sì ṣòwò ọkọ̀. Ilé ló wà tó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀, tó sì di lọ́yà ní 1946. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Lébọ̀ fi ìbò gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945, láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀.

Ohun Tó Gbà àti Èyí Tó Kọ̀
Nínú ìwé rẹ̀, The People's Republic, tó jáde ní 1968, Awólọ́wọ̀ yẹ ẹ̀kọ́ Marx wò fínnífínní. Ó gbà pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni ìpìlẹ̀ ètò kàpítálíìsì, àti pé ètò náà ń jẹ́ kí alágbára rẹ́ aláìlágbára jẹ. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ohun ìní ló ń darí ọkàn ènìyàn. Lójú tirẹ̀, ọkàn àti làákàyè ló ṣíwájú. Onígbàgbọ́ ni, ìfẹ́ ọmọnìkejì ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ sóṣálíìsì tirẹ̀. Ìbò ló yàn láàyò, kì í ṣe ìdìtẹ̀ oníjàgídíjàgan.

Ìyapa Àwọn Òǹkàwé
Ní oṣù Kejì, 1962, ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. S. L. Akíntọ́lá àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò fẹ́ ètò sóṣálíìsì tí Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀. S. G. Ikoku, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, sún mọ́ Marx ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìwé nìkan ló fa ìjà náà; ìjà agbára wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963. Ọdún 1966 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀.
Àwọn ọmọlẹ́yìn Marx gan-an, irú bí Ọlá Òní, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbà pé agbára gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Lójú irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, ètò Awólọ́wọ̀ kò jinlẹ̀ tó.

Òkè-Ògùn
Ìwé Marx kò bá ilé-iṣẹ́ ńlá ní Òkè-Ògùn. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn ló ni òfì rẹ̀; àgbẹ̀ Ṣakí ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí. Síbẹ̀, ìrẹ́jẹ kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹni tó ń ra tábà tàbí òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló sábà máa ń dá iye lé e. Láti 1916 ni Ọ̀kẹ́hò àti Ìsẹ́yìn ti dìde sí ìjọba àmúnisìn, láìsí pé ìwé kan ló kọ́ wọn.
Ohun tí Awólọ́wọ̀ mú wá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, 1955. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti bíi 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàrin ọdún kan. Ọmọ tí ì bá wà lóko pẹ̀lú ọkọ́ di ẹni tó ń di síléètì mú. Àmọ́ mẹ̀kúnnù kò kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀: owó orí tí wọ́n fi kún un bí wọn nínú, ẹgbẹ́ NCNC sì borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Ní 1979, Bọ́lá Ìgè tún fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe òpó ìjọba Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀
Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, 1987. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ sọ ọmọ àgbẹ̀ di tísà, nọ́ọ̀sì àti lọ́yà. Kò gba agbára ìdíyelé lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irè oko bàbá wọn. Ohun tí ó ṣe ni ẹ̀rí tirẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹ̀rí àwọn tó bá a jiyàn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka Marx ní àkàyé gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rí méjèèjì síwájú wọn.