Al-Sufi, Onímọ̀ Ìràwọ̀

Ọdún 903 ni wọ́n bí Abd al-Rahman al-Sufi ní ìlú Rayy, nílẹ̀ Páṣíà. Ptolemy ti kọ̀wé lórí ìràwọ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n al-Sufi fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Nínú ìwé tirẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 964, ó sàmì sí àwọsánmà kékeré kan láàárín ìràwọ̀. Kò sí awò-awọ̀nàjíjìn nígbà náà. Ó kú ní 986. Ọdún 1925 ni Hubble kéde pé ògìdìgbó ìràwọ̀ tó jìnnà réré ni Andromeda yìí. Ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní Kwangila níbí, bí òṣùpá kò bá sí tí iná sì lọ lálẹ́ oṣù kọkànlá, ẹ ní kí àwọn ọmọ wo apá àríwá: ó ṣì wà níbẹ̀.