Fẹlá Ṣówándé: Ẹni Tó Torí Iṣẹ́ Ẹnjiníà Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní ìpàdé wa kan ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló gba gbogbo àsìkò. Ọmọ ọ̀kan nínú wa fẹ́ di dókítà, ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bó bá gbé pẹ́ńsù báyìí, àwòrán tó máa yà á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kó gba ibi tí Ọlọ́run ti fún un lẹ́bùn lọ. Àwọn kan ní kí a má pa àlá ọmọ ọlọ́mọ. A tú ká láì fẹnu kò. Nígbà tí wọ́n wá ní kí alukoro kọ ìtàn olóògbé ńlá kan sínú ìwé àyájọ́ ọdún kẹwàá yìí, ìpàdé yẹn ló mú wa rántí Fẹlá Ṣówándé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú o, kì í ṣe Fẹlá Aníkúlápó là ń wí. Òun náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu, nítorí ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n ní kó lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, orin ló lọ kọ́. Ṣùgbọ́n Ṣówándé ti rin ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀ ní ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ó sì wà lára àwọn aṣáájú orin ìjọ nílẹ̀ wa. Ọmọ náà kọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, abẹ́ Ekúndayọ̀ Phillips ló sì ti kọ́ dùùrù. Ó lọ sí CMS Grammar School, ó lọ sí King's College. Orin ti wà lára rẹ̀ kó tó gbọ́n.

Síbẹ̀, nígbà tó wọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1930, iṣẹ́ ẹnjiníà ló ní lọ́kàn, ti títì àti afárá. Ẹ wo ìgbà tí à ń sọ. Òyìnbó ló ń pàṣẹ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọmọ dúdú tó bá gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bọ̀ wálé ti di ẹni ńlá. Orin ńkọ́? Ohun tí ènìyàn ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú ni.

Ebi kò mọ ẹnjiníà. Ó ń fi dùùrù jáàsì wá owó oúnjẹ. Nígbà tó fi máa di 1936, òun ni wọ́n ní kó tẹ dùùrù nínú Rhapsody in Blue ti Gershwin. Díẹ̀díẹ̀, dùùrù gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ẹnjiníà lọ́wọ́.

Ibí yìí la fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ní ìpàdé wa kò dé. Ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kékeré, ó tún padà lọ jókòó kọ́ ọ lọ́dọ̀ George Cunningham àti George Oldroyd, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ní 1943, ó gba oyè FRCO, oyè tó ga jù lọ fún atẹdùùrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹ̀bùn ìdíje lórí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ African Suite. Òun ló ń tẹ dùùrù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall títí di 1952. Ẹ sọ fún wa, èwo ló rọrùn níbẹ̀?

(Àwa fúnra wa, awakọ̀ bàálù la fẹ́ ṣe. Báńkì ní Dúgbẹ̀ la bá ara wa. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa sílẹ̀.)

Ó padà wálé ní 1953 láti máa darí ẹ̀ka orin ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì ń ṣa orin ìbílẹ̀ jọ. Fún òmìnira 1960, ó kọ Folk Symphony. Láti 1965 sí 1968, ó wà pẹ̀lú wa n'Íbàdàn, ní Yunifásítì tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí Àgbọ́wó, ó ń ṣèwádìí àṣà Yorùbá. Ọmọ àlùfáà yìí wádìí Ifá débi pé ó kọ ìwé lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ìpínlẹ̀ Ohio ló ti dágbére fáyé ní March 13, 1987.

Apá tó kẹ́yìn nínú African Suite, Akinla, ni rédíò Kánádà fi ń ṣí ètò Gilmour's Albums fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ín.

Ẹ bá wa wo àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ló yà á. A fẹ́ sanwó fún un, kò gbà. Ó ní ká bá òun ra ìwé ìbéèrè JAMB tọdún yìí.