Bessie Coleman: Ohun tí Obìnrin Kan San kí Ó Tó Lè Fò

Bí bàálù bá ń kọjá lókè, kò sí ẹni tí kì í gbójú sókè wò ó, pàápàá àwọn ọmọdé. Ohun tí a kì í sábà rò ni iye tí ẹni tí ó ń darí rẹ̀ san kí ó tó lè jókòó síbẹ̀. Nínú ìwé olóṣù mẹ́ta wa yìí, mo fẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé Bessie Coleman yẹ̀ wò. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òfuurufú, ní ọdún 1921. Owó wà nínú ohun tí ó san, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Bessie ní ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas. Kì í ṣe Atlanta ńlá tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni mo ń sọ. Òun ni ọmọ kẹwàá nínú ọmọ mẹ́tàlá tí ìyá rẹ̀, Susan, bí fún George Coleman. Ní àkókò náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Texas. Iṣẹ́ oko ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe, wọn kò sì ní lọ́wọ́.

Nígbà tí Bessie pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n kó lọ sí Waxahachie, ìlú tí a ti ń gbin òwú. Nígbà tí ó tó ilé ẹ̀kọ́ lọ, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rin máìlì mẹ́rin lójoojúmọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ṣoṣo tí ó wà fún àwọn ọmọ dúdú. Orí rẹ̀ pé nídìí ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí òwú bá ti là, ìwé dúró nìyẹn. Tọmọdé tàgbà yóò kọjá sí oko lọ já òwú.

Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1901, ìyà àti ìyàsọ́tọ̀ ti Texas sú u, ó sì kó lọ sí Oklahoma. Susan kò bá a lọ. Ó di ìyá tí ń dá tọ́ ọmọ. Ó gba iṣẹ́ nílé àwọn òyìnbó, Bessie sì ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ títí ìyá wọn yóò fi dé. Síbẹ̀, Susan kò jẹ́ kí ìwé wọ́n nínú ilé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Bessie ni yóò kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.

Bessie bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn, ó sì ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó kó owó náà, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Langston, ní Oklahoma. Sáà kan ṣoṣo ni owó náà lè gbé. Owó tán, Bessie padà sídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ irú èyí dáadáa: ọmọ tí ó jẹ́ ìpè ní sáà kìíní, tí a ó pe orúkọ rẹ̀ ní sáà kejì tí a kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Púpọ̀ irú wọn ni kò tún ní gbèrò ohun mìíràn mọ́. Bessie ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀.

IṢẸ́ ÈÉKÁNNÁ NÍ CHICAGO

Ní ọdún 1915, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú Chicago. Ó kọ́ iṣẹ́ títún èékánná ṣe, ó sì ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ojú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, àti ti àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú jagun. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ kan, John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé sàn ju àwọn obìnrin dúdú ti Chicago lọ, nítorí pé àwọn ti ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ Bessie lára. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ bí a ti ń fò.

Ó kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfuurufú ní Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tí ó gbà á. Obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú sì ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà náà ni ó tọ Robert Abbott lọ, aláwọ̀ dúdú tí ó dá ìwé ìròyìn Chicago Defender sílẹ̀. Abbott kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́ èdè Faransé, kí ó tọ́jú owó, kí ó sì kọjá sí òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ohun tí ìmọ̀ràn yìí béèrè. Èkínní, owó ọkọ̀ ojú omi. Èkejì, owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta, oúnjẹ àti ilé gbígbé ní ilẹ̀ àjèjì fún ọ̀pọ̀ oṣù tí kò ní lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, èdè titun, tí yóò máa kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Bessie fi iṣẹ́ títún èékánná sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ sàn jù nílé oúnjẹ kan, ó sì ń lọ kọ́ èdè Faransé. Ohun tí ó tọ́jú kò tó, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Abbott ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Jesse Binga, aláwọ̀ dúdú tí ó ní ilé ìfowópamọ́ ní Chicago.

Ó LỌ SÍ ILẸ̀ FARANSÉ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1920, Bessie wọ ọkọ̀ ojú omi ní New York. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn arákùnrin Caudron ní Le Crotoy, lẹ́bàá òkun, ni ó gbà á.

Ẹ má ṣe rò pé irú bàálù tí a ń wọ̀ lónìí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igi, aṣọ àti wáyà ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Kò ní ìdádúró, kò sì ní ọwọ́ ìdarí bíi ti mọ́tò. Ọ̀pá kan ni ó wà níwájú awakọ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ dì mú, àti irin kan tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tì. Olùkọ́ jókòó níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lẹ́yìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fò, ó gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ náà wò láti orí dé ìdí, nítorí ohun kékeré tí ó bá bọ́ lè di ikú.

Ikú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bessie rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó jábọ́ tí ó sì kú. Ẹ̀rù bà á, kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó padà wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1921, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òfuurufú fún un ní ìwé ẹ̀rí tí ó lè fi wa ọkọ̀ òfuurufú níbikíbi láyé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

OHUN TÍ Ó KỌ̀ LÁTI TÀ

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn oníròyìn ń dúró dè é. Òkìkí kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kò di oúnjẹ. Kò sí ẹni tí yóò gba obìnrin dúdú láti wa bàálù. Ọ̀nà kan tí ó ṣí sílẹ̀ ni kí ó máa dárà nínú òfuurufú níwájú èrò tí ó san owó ìwòran. Fún èyí, ó tún padà sí Yúróòpù ní ọdún 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, ní ilẹ̀ Faransé àti ní Jámánì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ó fò níwájú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, nítòsí New York. Wọ́n ń pè é ní Ọbabìnrin Bess.

Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ọmọ dúdú mìíràn má baà tún sọdá òkun kí ó tó kọ́ bí a ti ń fò. Owó rẹ̀ kò tó. Wọ́n wá pè é láti ṣe sinimá kan, èyí tí ìbá mú owó àti orúkọ wá. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n fẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àkísà lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́ àti ẹrù lẹ́yìn, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aláwọ̀ dúdú rí, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn kan bínú sí i. Òun tí owó ń wá lójú méjèèjì ni ó kọ owó náà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1923, ní agbègbè Los Angeles, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kú lókè, ọkọ̀ náà sì já lulẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣẹ́ pẹ̀lú. Ó pàdánù ọkọ̀, ó pàdánù iṣẹ́, ó sì wà ní ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1925 ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò dáadáa, ní Texas. Ní Waxahachie tí ó ti já òwú rí, wọ́n fẹ́ kí àwọn òyìnbó gba ẹnu ọ̀nà tiwọn wọlé, kí àwọn aláwọ̀ dúdú gba tiwọn. Bessie ní bí kì í bá ṣe ẹnu ọ̀nà kan náà, òun kò ní fò. Wọ́n gbà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó wọn ṣì yàtọ̀ nínú pápá.

Ní Orlando, ní Florida, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Hezekiah Hill, àti ìyàwó rẹ̀, Viola, gbà á sílé bí ọmọ. Níbẹ̀ ni ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣerun lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè rí owó ọkọ̀ mìíràn. Ẹ wo obìnrin tí ó ti ń fò lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ó tún padà sídìí irun. Kò tijú iṣẹ́.

IKÚ RẸ̀

Wọ́n pè é sí Jacksonville láti wá fò ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1926. Ọkọ̀ ogun àtijọ́ ni owó rẹ̀ tó rà. Mẹkáníìkì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ William Wills, gbé e wá láti Dallas, ó sì di dandan fún un láti bà sílẹ̀ lójú ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dára. Àwọn ọ̀rẹ́ Bessie rọ̀ ọ́ pé kí ó má wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, òun àti Wills gòkè láti wo pápá náà. Wills ni ó ń wà á. Bessie ń gbèrò láti fi agbòjò ńlá aláṣọ já bọ́ láti òfuurufú ní ọjọ́ kejì, nítorí náà kò de bẹ́líìtì, kí ó lè nà jáde wo ilẹ̀ dáadáa. Lójijì ọkọ̀ náà doríkodò, ó ń yí bírí. Bessie já jáde, ó sì kú. Wills náà kú nígbà tí ọkọ̀ já lulẹ̀. Sípánà kan tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì ni ó há mọ́ ẹ̀rọ ìdarí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bessie.

Bẹ́líìtì tí a kò dè àti sípánà tí a gbàgbé, ohun kékeré ni méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí a fojú fo èyí dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè pẹ̀lú ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ àlòkù nìkan ni ó máa ń bọ́ sí irú obìnrin yìí lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sin ín ní Chicago, níbi tí Ida B. Wells, obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn, ti ṣe olórí ètò. Susan, ìyá rẹ̀, wà láàyè láti sin ọmọ. Bessie kò rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń lépa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfuurufú sílẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Bessie pè é. Ní ọdún 1938, Willa Brown, obìnrin dúdú, gba ìwé ẹ̀rí ìwakọ̀ òfuurufú nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láìsọdá òkun. Òun àti ọkọ rẹ̀ sì ní ilé ẹ̀kọ́ ní Chicago tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí Mae Jemison, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó lọ sí gbalasa òfuurufú, gbéra ní ọdún 1992, àwòrán Bessie wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ilé ẹ̀kọ́ òfuurufú wà nílẹ̀ wa ní Zaria, kò sì sí ẹni tí yóò lé ọmọ yín nítorí pé ó dúdú. Síbẹ̀ owó rẹ̀ ṣì wúwo, àwọn ènìyàn sì ṣì ń sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bí ọmọbìnrin kan bá sọ ohun tí ó ju àpò wa lọ, ì báà ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ì báà ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, ẹ má jẹ́ kí a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí a bi í léèrè iye tí òun fúnra rẹ̀ ti tọ́jú, bí Bessie ti ṣe nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Lẹ́yìn náà kí a jókòó, kí a ṣírò ohun tí ó kù, kí a sì wo ẹni tí yóò mú èwo níbẹ̀.