Jòhánù Bosco Mímọ́: Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́

Òbí púpọ̀ ni í pín ọmọ sí ọ̀nà méjì: ẹni tí orí rẹ̀ pé, kí ó máa lọ sí ilé-ìwé; ẹni tí ìwé kò yé, kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn àlùfáà kan tí kò fara mọ́ irú ìpín bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, ọdún 1815, ni a bí Jòhánù Bosco ní abúlé Becchi, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí baba rẹ̀ kú. Bí ó ti ń lọ sí ilé-ìwé ni ó ń kọ́ aṣọ rírán àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé tí a ti ń ta kọfí, kí ó baà lè rí ibi sùn.

Ó di àlùfáà ní 1841, ó sì lọ sí ìlú Turin. Ninú ẹ̀wọ̀n ìlú náà ni ó ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn le, tí ọpọlọ wọn sì jí pépé. Bí a bá dá wọn sílẹ̀, kì í pẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn fi ń padà wá, nítorí wọn kò ní alábòójútó. Ó pinnu láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kí ẹ̀wọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ń kó àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro jọ ní alẹ́, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Nígbà tí ìjọba fẹ́ yí òṣùwọ̀n padà ní 1850, ó kọ ìwé kékeré kan láti là á yé wọn. Nítorí ẹni tí kò mọ òṣùwọ̀n kò lè mọ̀ bí a bá rẹ́ ẹ jẹ.

Ní 1852, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fún ọmọ kan tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà fún ọdún méjì. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi ọmọ náà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹnu ni yóò fi bá a wí, kì í ṣe ẹgba. Yóò fún un ní ọjọ́ ìsinmi. Owó rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i.

Ní 1853, ó dá ilé-iṣẹ́ bàtà àti ti aṣọ rírán sílẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀ ní Valdocco. Ìwé dídì tẹ̀lé e ní 1854, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní 1856; nígbà tí yóò fi di 1862, ìwé títẹ̀ àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti wà níbẹ̀. Ní 1886, àpéjọ ẹgbẹ́ Salesian tí ó dá sílẹ̀ to ètò náà lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀kọ́ ìsìn àti ìwà rere, ẹ̀kọ́ ìwé, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ kan náà.

Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, 1888. Póòpù Pius Kọkànlá kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1934. Ní 1958 ni a fi í ṣe alágbàwí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Ítálì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ọmọ yín bá wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ béèrè bí ó bá ṣì ń kàwé, àti irú àdéhùn tí ó dáàbò bò ó. Bí ó bá wà ní ilé-ìwé gíga, ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Jòhánù Bosco Mímọ́, gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa.